Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn àgbà ọjà Yorùbá ní Abuja: ẹ gbé akíká kúrò lórí àtẹ

Sí ẹ̀yin olórí lékuléja, ẹlẹ́wé ọmọ, oníṣègùn àti ẹlẹ́ran ìgbẹ́ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Abuja, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wọn ní Suleja, Minna, Kaduna àti Jos.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń ṣiṣẹ́ lórí ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́ níhìn-ín ní Abuja. Ọmọ yín ni wá. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ ní kọ̀rọ̀ mọ́, torí pé gbangba ni àtẹ yín wà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tuntun lórí ìdáàbòbò àwọn ẹran tó ń parun lọ, irú bí akíká, ẹran onípẹ́ tí wọ́n ń pè ní pangolin lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé Aṣojú-ṣòfin ti fọwọ́ sí i ṣáájú, ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Aṣojú Terseer Ugbor láti ìpínlẹ̀ Benue ló gbé e wá síbẹ̀. Àwọn oníròyìn kọ tiwọn, àwọn àjọ sọ tiwọn. A dẹtí títí, a ò gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu olórí ọjà kankan. Ìpẹ́ akíká ṣì wà nínú agolo mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gà gbígbẹ àti orí ọ̀bọ, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yín ló jẹ́ ká kọ̀wé.

1. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú àwáwí tó wọ́pọ̀ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹnu kan akíká lọ́jà, ohun tí wọ́n á dá a lóhùn ni pé, "Àwọn ará Ṣáínà ló ń pa á, ẹ lọ bá wọn." Òótọ́ wà níbẹ̀, a ò ní í bò ó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, Singapore gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù méjì tó ti Nàìjíríà wá, tó sì ń lọ sí Vietnam. Ìpẹ́ tọ́ọ̀nù 12.9 ló wà nínú èkíní, tọ́ọ̀nù 12.7 nínú èkejì. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, nǹkan bí akíká 38,000 ló kú kí àwọn àpò yẹn tó kún. Ní oṣù Keje ọdún 2021, Kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa náà gba tọ́ọ̀nù 7.1 ní Lekki, l'Ékòó. Ìwádìí tí Charles Emogor, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹran ìgbẹ́, ṣáájú rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà fi hàn pé ìpẹ́ tí wọ́n gbà láti 2010 sí oṣù Kẹsàn-án 2021, tó ní í ṣe pẹ̀lú Nàìjíríà, lé ní 190,000 kílò. Ẹ̀mí akíká tó wà nínú ìyẹn sún mọ́ 800,000. Èyí tọ́wọ́ tẹ̀ nìyẹn o. Èyí tó kọjá lọ láìsí ẹni tó rí i kò sí nínú ìṣirò. Kì í sì í ṣe igbó Nàìjíríà nìkan ló ti wá. Ìpẹ́ láti Cameroon àtàwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

Ṣùgbọ́n Emogor àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ bá àwọn ọdẹ àti oníṣòwò ẹran ní agbègbè igbó Cross River, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2025. Nínú ọgọ́rùn-ún akíká tí wọ́n mú níbẹ̀, nǹkan bíi 98 ni wọ́n mú torí ẹran. Ọdẹ àti ará ilé rẹ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, wọ́n á ta ìyókù ládùúgbò. Ìpẹ́ ńkọ́? Nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń dà sórí àkìtàn. Owó ẹran ju owó ìpẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Iye tí wọ́n ṣírò pé wọ́n ń pa lọ́dún lágbègbè yẹn nìkan tó 21,000.

Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń pa akíká, kí ọkọ̀ ojú omi tó dé bá a. Ìdí nìyẹn tí a fi pe ẹlẹ́ran ìgbẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí, tí a ò dá lékuléja nìkan lẹ́bi.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tó yẹ kó fún gbogbo wa nírètí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn ọdẹ tó pa á ni kò dìídì wá akíká lọ. Ọ̀yà ni wọ́n ń wá, tàbí ẹtu. Wọ́n bá akíká pàdé, wọ́n sì gbé e. Ẹni tí kò wá nǹkan lọ kò pàdánù púpọ̀ bó bá fi í sílẹ̀. Bí ẹni tó ń ra ẹran lọ́wọ́ ọdẹ bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Bó o bá gbé akíká wá, mi ò ní í rà á," ìdajì iṣẹ́ ti parí, láìsí ọlọ́pàá níbẹ̀.

2. Akíká ò lè fara da irú pípa tí à ń pa á yìí. Kò ní eyín, kò lè bunijẹ. Ahọ́n gígùn tó fi ń lá èèrà àti ikán, àti èékánná iwájú tó fi ń tú ilé wọn, ni gbogbo ohun tó ní. Bẹ́rù bá bà á, á ká ara jọ roboto, á fi ìrù bo ikùn. Ọgbọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ fún kìnnìún, torí kìnnìún á yí i síwá yí i sẹ́yìn títí á fi sú u. Fún ọmọ ènìyàn, ńṣe ló kàn ń rọrùn láti gbé. Kò gba ìbọn, kò gba ajá.

Oríṣi mẹ́rin ló wà ní Áfíríkà, mẹ́ta nínú wọn sì wà ní Nàìjíríà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí a tún lè rí nínú igbó etí odò lápá ibí, ni akíká ikùn funfun. Kì í sábà ju kílò kan àbọ̀ sí mẹ́ta lọ, ó máa ń gun igi, òru ló sì ń jáde. Láti 2019 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹran tó wà nínú ewu, ti kà á mọ́ ẹran tó wà nínú ewu ìparun. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oyún oṣù mélòó kan. Ọmọ náà á wá di ìdí ìrù ìyá mú, ìyá á máa gbé e kiri. Ọ̀yà lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kó tún bí kí ọdún tó yí po. Ìyẹn ni ọdẹ fi ń pa ọ̀yà láti ayé baba ńlá rẹ̀ tí ọ̀yà kò tán. Ẹ má fojú kan náà wo akíká. Abo tó wà nínú oyún tàbí tó pọn ọmọ, méjì lẹ pa yẹn.

Àwọn kan á ní ká kúkú máa sìn ín. Wọ́n ti dán an wò níbi púpọ̀. Kì í jẹ oúnjẹ tí kò mọ̀, ọgbẹ́ inú á mú un, òtútù á wọ̀ ọ́ láyà, á kú. Ọ̀rọ̀ ìsìn akíká fún ọjà, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.

3. Ẹ̀yin lékuléja àti oníṣègùn ló kàn. Ìpẹ́ akíká kì í ṣe egungun, kì í sì í ṣe eyín. Kẹ́rátínì ni, ohun kan náà tó di èékánná wa, irun orí wa, ìwo àti pátákò màlúù. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò rí ẹ̀rí pé ó ń wo àrùn kankan. Ṣáínà tí ẹ ń tọ́ka sí pàápàá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé èròjà oògùn ìbílẹ̀ rẹ̀ ní 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì kù nínú àwọn àpòpọ̀ oògùn kan níbẹ̀ nígbà náà.

A mọ̀ pé ẹ ó sọ pé oògùn Yorùbá kọjá ọ̀rọ̀ èròjà. A gbà. A mọ̀ pé wọ́n ń lò ó fún àwúre, fún ìṣọ́ra, fún àìsàn náà. Àwọn olùwádìí ti lọ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn Ìjẹ̀bú láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Bó bá jẹ́ èròjà ni, èèpo pátákò tí wọ́n ń bọ́ sọ nù lódò ẹran ní Abuja lójoojúmọ́ ní ohun kan náà nínú. Bó bá sì jẹ́ ọfọ̀ àti àṣẹ ni, ẹnu àgbà ló wà, ẹnu àgbà kan náà ló lè sọ ohun tí a ó fi rọ́pò. Erin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbó wa. Kìnnìún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A ò tíì gbọ́ pé oníṣègùn kan tilẹ̀kùn torí ìyẹn. Ohun tí ẹ ṣe nígbà tí awọ kìnnìún wọ́n ni kí ẹ ṣe báyìí, kí akíká tó wọ́n bẹ́ẹ̀.

4. "Ẹlẹ́ran ló pa á, ohun tó fẹ́ dà nù la rà." Àwáwí yìí lágbára ju ti Ṣáínà lọ, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìpẹ́ gbígbẹ tó ń wá láti ara akíká ikùn funfun kan kì í sábà ju ìdajì kílò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó tọ́ọ̀nù kan jọ nílò akíká tó tó ẹgbẹ̀rún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọdẹ tó ní ẹgbẹ̀rún akíká. Alágbàtà ló ń kó o jọ: agolo kan níhìn-ín, ọ̀rá méjì lọ́hùn-ún, títí á fi di àpò, tí àpò á fi di ẹrù ọkọ̀. Níbo ni alágbàtà ti máa ń kọ́kọ́ béèrè? Níbi tí ìpẹ́ wà ní gbangba tí owó rẹ̀ sì hàn. Orí àtẹ yín ni. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ ibi tó ń kó o lọ. Ọdẹ tó ti ń da ìpẹ́ sórí àkìtàn, bó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń rà á lọ́jà, á rì í sómi gbígbóná kó lè tú kúrò lára awọ, á sá a sóòrùn, á sì tọ́jú rẹ̀. Ìgbà mìíràn tó bá rí akíká lórí igi, ìdí méjì ló ní láti gùn ún.

Ẹ lè fojú ara yín mọ ibi tí ọjà yín ti wá. Ìpẹ́ akíká ikùn funfun kéré, ó fẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ní ṣóńṣó mẹ́ta bí kò bá tíì jẹ tán. Èyí tó fẹ̀, tó nípọn, tó le gírígírí, ti akíká ńlá ni, èyí tó ń gbé nínú ihò ilẹ̀, tó sì lè ju 30 kílò lọ. Ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an ní Nàìjíríà. Bí irú èyí bá dé àtẹ kan ní Abuja, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ó sì ti kọjá ọwọ́ tó pọ̀. Olórí ọjà tó bá rí i tó dákẹ́ kò lè sọ pé òun ò mọ̀.

5. Òfin. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìpinnu tí àwọn orílẹ̀-èdè CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran àti ewéko tó wà nínú ewu) ṣe ní Johannesburg ti fòpin sí òwò akíká láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, oríṣi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà láyé. Nílé níbí, òfin 1985 sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rú u lórí ẹran tí òfin náà dáàbò bò jù lọ á san ₦1,000. Ẹgbẹ̀rún kan náírà! Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2016, owó yẹn di mílíọ̀nù márùn-ún. Èyí tí ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí ní 2025 gbé e lọ sí owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 12 náírà, àti ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10.

Ẹ rò ó wò, ta ni òfin yẹn á kọ́kọ́ mú? Ọ̀gá tó ni kọ̀ǹtẹ́nà ní lọ́yà mẹ́ta. Ìyá tó ni agolo lórí àtẹ ò ní ẹnì kankan, òun ló sì wà ní gbangba. Ní oṣù Kẹwàá 2023, níhìn-ín ní Abuja, ìjọba ba ìpẹ́ akíká tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin jẹ́ lójú àwọn oníròyìn. Ẹ̀yin náà rí i. Ẹ má ṣe rò pé wọn ò mọ ọ̀nà ọjà.

(Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, a ó kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ètò orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2022 láti gbógun ti ìwà ọ̀daràn lórí ẹran ìgbẹ́ àti igbó, ọdún 2026 ló parí, a ó sì béèrè ohun tó kàn lọ́wọ́ wọn.)

6. Bí wọ́n bá gbé akíká tó ṣì wà láàyè dé ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Èyí máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn aláàánú tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń pa á láìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín.

Ẹ má fi owó rà á. Owó tí ẹ bá san torí àánú, owó ọjà ni lójú ọdẹ, á tún gbé òmíràn wá. Ẹ má fipá ṣí i bó bá ká jọ, ẹ má sì gbé e ní ìrù. Ẹ rọra wo àárín rẹ̀, torí ìyá lè ká bo ọmọ. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ má yà wọ́n. Àpótí pákó tàbí ike líle tó ní ihò afẹ́fẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe àpò ṣákì, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ tàbí aṣọ sí i nísàlẹ̀, ẹ bo ojú rẹ̀ kó ṣókùnkùn, ẹ gbé e jìnnà sí ajá, rédíò àti àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò. Omi mímọ́ nínú abọ́ tí kò jìn tó fún un. Mílíìkì, búrẹ́dì, ẹyin, ìrẹsì: ẹ má fún un ní ọ̀kankan. Kò ní í jẹ wọ́n, bó bá sì jẹ, inú á bà á jẹ́. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó dọ̀tí tó.

Bí wáyà tàkúté bá ti wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù nìyẹn. Ẹni tó bá fà á yọ á fa awọ àti iṣan pọ̀. Pílíásì ni kí ẹ fi gé wáyà lápá méjèèjì, kí ẹ fi èyí tó wọ inú ẹran sílẹ̀ fún dókítà ẹran. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá: abúlé wo, etí odò wo, alẹ́ wo ló mú un? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, lójú ẹsẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n lè dá a padà síbi tó ti mọ ilé èèrà àti ihò igi. Èyí tí wọ́n mú lálẹ́ àná tí kò fara pa lè padà sígbó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Èyí tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú àpò, ó ṣòro kó yè.

7. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ ìdáhùn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní gbangba bí a ṣe béèrè rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ìpàdé ọjà kọ̀ọ̀kan fẹnu kò pé akíká kò ní í wá sórí àtẹ mọ́: ẹran tútù, ẹran yíyan, ìpẹ́, èékánná, orí. Kí ẹ fi owó ìtanràn ọjà tì í lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń bu owó lé ẹni tó bá jà lọ́jà. Ẹ ò nílò ìyọ̀ǹda ìjọba fún ìyẹn.

Ìkejì, kí ẹlẹ́ran ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ tó ń gbé ẹran wá fún un láti Kwali, Abaji, Kogi àti Nasarawa, kó sọ ọ́ fún wọn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í finá sí ìgbẹ́. Bí iná bá ti jó ìgbẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù nìyẹn, torí ìgbà yẹn ni akíká kì í ríbi sá sí.

Ìkẹta, èyí tó wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ má tà á tán kíákíá kí òfin tó dé. Ìyẹn gan-an ni alágbàtà ń retí. Ẹ kó o jọ sójú kan, kí lọ́yà kan bá NESREA sọ ọ́ ṣáájú pé ọjà fẹ́ fà á lé wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Àwa náà ti ṣetán láti bá yín wá lọ́yà tí kò ní í gba owó.

Ìkẹrin, kí àwọn àgbà oníṣègùn jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí àwọn ó máa lò dípò akíká nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ò ní í dá sí ọ̀rọ̀ awo. Ohun tí a fẹ́ gbọ́ ni pé wọ́n ti jókòó, wọ́n sì ti fẹnu kò.

Ìkarùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè ìpẹ́ akíká ní kílò, yálà ọmọ ilẹ̀ wa ni tàbí àjèjì, kí olórí ọjà gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sì fi tó NESREA tàbí Kọ́sítọ́ọ̀mù létí. Oníṣègùn kì í ra èròjà ní kílò.

Ẹ dá ọjọ́ fún wa kí oṣù yìí tó parí, kẹ́ ẹ sọ ọjà tí ẹ fẹ́ ká ti pàdé. A ó gbé àwòrán ìpẹ́ oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, pẹ̀lú ẹ̀dà àbá òfin náà, a ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ìlà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́. Bí ẹ bá ní ìbéèrè tí a ò dáhùn níbí, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ bi wá.

Àwa ọmọ yín,
òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́, Abuja.